Iyùn ń kú lójijì nínú táǹkì: ohun ìwọ̀n wo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo tan iná táǹkì omi iyọ̀ tí mo fi ń sin ẹja àti iyùn nílé wa ní London, mo sì rí i pé ẹran ara Acropora, irú iyùn òkun kan tó ní egungun líle, tí mo ti ń tọ́ fún ọdún méjì ti ń bọ́ láti ìdí wá. Ó ń bọ́ bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀. Kí oòrùn tó kàntàrí, egungun rẹ̀ ti funfun bí ẹfun, àwọn ẹja sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri ní tiwọn. Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù. Mo ra oògùn, mo ra oúnjẹ iyùn, mo tún ra bakitéríà inú ìgò. Ọ̀kankan nínú wọn kò kan ohun tó pa á. Ká ní ohun ìwọ̀n tó péye ni mo fi ìdajì owó yẹn rà, àwọn iyùn tó tẹ̀lé e lọ́sẹ̀ náà kì bá tí kú.

Nítorí náà, ohun ìwọ̀n ni mo fẹ́ fi wéra níbí, kì í ṣe oògùn. Iyùn tó wà lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó, egungun lásán ni, ẹni tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́. Tiwa yìí ṣì wà pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀, ó ń jẹun, ó sì ń kọ́ egungun lójoojúmọ́ láti inú ohun tó wà nínú omi. Bí omi bá yí padà lójijì, kò ní ibi tó lè sá sí.

Ta ló ń kú, ta ni kò kú?

Ẹ wo èyí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ Acropora àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní egungun líle nìkan ló ń bọ́ra, tí àwọn iyùn rírọ̀ ṣì ń na ọwọ́, alkalinity (agbára omi láti má kan, mo máa ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tí ìgbín àti edé bá ń kú pẹ̀lú wọn, tí ara ẹja sì le, ẹ fura sí bàbà (irin pupa, copper) tàbí iyọ̀. Tí ẹja pàápàá bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè omi, ọ̀rọ̀ ooru, àìtó atẹ́gùn tàbí ammonia, májèlé tó ń jáde lára ẹja àti ohun tó ń jẹrà, ni. Ẹ wo tẹmómítà: láàárín 24 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius ló tẹ́ iyùn lọ́rùn. Hítà tó bá há sórí títàn lè se gbogbo táǹkì mọ́jú.

Iyọ̀: hydrometer alápá, refractometer, tàbí ti oníná?

Ohun tí à ń wá ni iyọ̀ gíráàmù 35 nínú kílógíráàmù omi kan. Lórí hydrometer, ohun tó ń wọn bí omi ṣe wúwo tó, ó máa ń fi 1.025 sí 1.026 hàn.

Hydrometer alápá ló rọ̀ jù lọ́wọ́. Ike kékeré ni, ẹ bu omi sí i, apá inú rẹ̀ gbéra. Àléébù rẹ̀ ni pé èéhó omi máa ń lẹ̀ mọ́ apá náà, á gbé e sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin á rò pé iyọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ ó da omi lásán sí i, iyọ̀ á sì lọ sílẹ̀ gan-an. Iyọ̀ gbígbẹ tún máa ń dì sí ìdí apá ọ̀hún bí ẹ kò bá fi omi tó mọ́ ṣàn án. Èmi ò gba ẹni tó ń sin Acropora nímọ̀ràn pé kó gbọ́kàn lé e.

Refractometer sàn jù ú lọ dáadáa. Ẹ kán omi díẹ̀ sójú dígí rẹ̀, ẹ gbé e síhà ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ibi tí àwọ̀ búlúù ti pàdé funfun. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló tàn mí jẹ. Omi lásán ni mo máa ń fi tọ́ ọ sí òdo, mo sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí iyùn kẹta kú, mo ra ìgò omi òdiwọ̀n kékeré tí wọ́n pò sí 35 gẹ́lẹ́, mo kán an sójú dígí, ó kà á sí 31. Ìyẹn ni pé omi tí mò ń pè ní 35 ti sún mọ́ 39! Ṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí táǹkì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ra refractometer láìra omi òdiwọ̀n 35 mọ́ ọn, kò tíì ra nǹkan kan. Ìgò náà kò wọ́n, ẹ ṣáà máa dé e pa, kí ó má baà fà gbẹ kí òun náà di onírọ́.

Ti oníná máa ń yára, kò sì ń fẹ́ ojú tó dá, àmọ́ ó wọ́n jù, omi òdiwọ̀n náà ló sì ń gbé e ró. Tí owó bá wà, ẹ rà á. Tí kò bá sí, refractometer tí a tọ́ dáadáa tó.

Alkalinity: èyí tó ń kán, tàbí èyí tó ń kà?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́. Alkalinity ni agbára tí omi fi ń di ara rẹ̀ mú kó má kan, ibẹ̀ náà ni iyùn ti ń mú ohun tó fi ń kọ́ egungun. Nínú òkun, ó wà ní nǹkan bí 7 dKH, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka alkalinity. Nínú táǹkì, láti 7 sí 11 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e sí. Ibi tí ẹ gbé e sí kò ṣe pàtàkì tó pé kó dúró síbẹ̀. Tó bá fi ju 1 dKH lọ yí padà láàárín ọjọ́ kan, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Kí ló dé tí òun fi ṣíwájú calcium, tí òun náà wà nínú egungun iyùn? Ẹ wò ó báyìí: bí iyùn bá lo alkalinity 2.8 dKH, calcium tó bá a lọ kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 20 lọ nínú lítà kan. Calcium inú táǹkì tó wà ní 420 kò tíì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀; alkalinity tó wà ní 8 ti di 5.2. Ẹni tó ń wọn calcium nìkan á máa sọ pé omi òun dára, iyùn á sì máa kú lójú rẹ̀.

Test kit tó ń kán, irú ti Salifert, sírínjì lẹ fi ń kán oògùn ìdánwò sínú omi táǹkì díẹ̀ tí ẹ bù sínú ìgò, títí àwọ̀ á fi yí padà. Ó dára, kò ní bátìrì tó lè kú. Àmọ́ ibi tí àwọ̀ ti yí gan-an, ojú ọkọ àti ti ìyàwó lè má bára mu níbẹ̀, pàápàá lábẹ́ iná búlúù táǹkì. Ẹ máa wò ó lábẹ́ iná funfun.

Hanna Checker, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka alkalinity, yàtọ̀. Ẹ bu omi mílílítà 10 sínú ìgò rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì kó kọ́kọ́ kà á sí òdo, ẹ fi oògùn ìdánwò mílílítà 1 sí i, ẹ tún tẹ bọ́tìnì, nọ́ńbà jáde. Ìka ọwọ́ tó dọ̀tí lára ìgò ń yí nọ́ńbà náà padà, oògùn tó ti pẹ́ náà ń yí i padà, nítorí náà ẹ nu ìgò kí ẹ tó tì í bọnú. Tó bá jẹ́ pé ohun kan péré lẹ fẹ́ ra lónìí, òun ni kí ẹ rà. Ẹ fi èyí tó ń kán ṣe calcium àti magnesium. Àwọn yẹn kì í sáré.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Peckham, ní London níbí, pàdánù ògiri iyùn kan nítorí pé ó pààrọ̀ irú iyọ̀ tó ń pò. Alkalinity táǹkì rẹ̀ wà ní 8, ti omi iyọ̀ tuntun ń jáde ní 12, ó sì pààrọ̀ ìdajì omi lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó wọn omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó dà á, ì bá ti rí i.

Láàbù ICP, tàbí ìdánwò ilé?

Láàbù ICP-OES máa ń fi iná plasma jó omi yín, á wá fi hàn yín bí bàbà, zinc àti aluminium ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, títí dé ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ tí ìdánwò ilé kò lè rí. Test kit bàbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ti ẹni tó ń fi bàbà tọ́jú ẹja aláìsàn ni. Iye kékeré tó ń pa iyùn lè kọjá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ICP kò lè sọ ti ammonia tàbí ti oògùn kòkòrò fún yín, ọjọ́ mélòó kan sì ni èsì rẹ̀ ń lò lọ́nà. Ìmọ̀ràn mi: kí ẹ tó pààrọ̀ omi, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò mímọ́, ẹ gbé e pa mọ́, bí ẹ kò bá tilẹ̀ tíì pinnu láti sanwó láàbù. Omi tó pa iyùn ni láàbù nílò, kì í ṣe èyí tí ẹ ti fọ̀ mọ́.

Bí ẹ ti ń dúró, ẹ fi èédú asẹmi sí i. Ó ń gba májèlé tí iyùn kan ń tu sí èkejì, ó ń gba lọ́fínńdà àti nǹkan oníkẹ́míkà tó bọ́ sómi. Bàbà ni kò lè gbà dáadáa. Fún ìyẹn, ẹ ra resin, kóró asẹmi tó wà fún irin, irú CupriSorb. Ẹ sì wo mágnẹ́ẹ̀tì inú pọ́ǹpù yín bóyá ó ti ń dógùn-ún.

Ní ti omi ẹ̀rọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: omi London le, èròjà tó yọ́ sínú rẹ̀ pọ̀, ẹ lo RO/DI, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ wọn kúrò. Kí mítà TDS, èyí tó ń ka àpapọ̀ ohun tó yọ́ sómi, tó kà á sí 0 má sì tàn yín, chlorine kì í hàn lójú mítà yẹn. Ẹ máa pààrọ̀ èédú iwájú RO/DI náà lásìkò.

Ohun tó ń gé

Tí ẹran ara bá ti ń bọ́, ẹ má dúró de nọ́ńbà kankan. Àlùmọ́gàjí kékeré tó ń gé egungun iyùn ni kí ó wà nílé ṣáájú. Ẹ gé e lápá òkè, níbi tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì wà, kí ẹ jìnnà díẹ̀ sí ilà funfun, ẹ fi gúlúù onígẹ́ẹ̀lì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kékeré, ẹ gbé e síbi tí omi ti ń ṣàn dáadáa. Nínú gbogbo iyùn tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ègé kan tó tó ìwọ̀n ìka méjì péré ni mo gé yọ lára èyí tó kẹ́yìn. Ó ti so mọ́ òkúta báyìí, ó sì ti yọ ẹ̀ka mẹ́rin.