Àpótí irin ni àbí báàgì lórí alùpùpù?

Ẹni tó bá fẹ́ gun alùpùpù láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, tó máa gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, kó yáa ro ọ̀rọ̀ ẹrù kó tó ra epo.

Àpótí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ṣe é tì pa. O lè yà jẹ àmàlà lọ́nà kí ọkàn rẹ balẹ̀. Àmọ́ ó ti wúwo kí o tó fi ẹyọ ṣẹ́ẹ̀tì kan sínú ẹ̀, ó sì ń mú alùpùpù fẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wàá gbàgbé, wàá sì ha ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Bí o bá ṣubú ńkọ́? Irin yẹn lè há ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Báàgì ni tèmi. Ó fúyẹ́, bó bá sì ya, abẹ́rẹ́ àti òwú ti tó. Òjò lọ̀tá ẹ̀, torí náà ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ ń di aṣọ sí. Olè náà ò ní pẹ́ tú u, n ò ní purọ́. Nígbà àkọ́kọ́, okùn lásán ni mo fi so ó. Ó yọ̀ bọ́ sórí sàlẹ́ńsà. Kí n tó gbóòórùn nǹkan tó ń jó, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti wà lára agbádá mi. Ní báyìí, túùbù táyà tí mo gé gbọọrọ ni mo fi ń so ó. Mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì mì í. Bó bá mira, mo tún un so.

Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ohun tó wúwo kó wà nísàlẹ̀, kó sún mọ́ ìjókòó. Bó bá lọ sẹ́yìn jù, táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ alùpùpù á sì máa gbọ̀n.