Skánà, LiDAR tàbí fọ́tò: èwo lẹ ó náwó lé?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ara nǹkan wọ inú kọ̀ǹpútà bó ṣe rí gan-an, ọ̀nà mẹ́ta lọwọ́ lè tó lápá ọ̀dọ̀ wa: skánà tó ń da iná onílà-onílà sára nǹkan, fóònù tó ní LiDAR (ohun tó ń fi iná wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó), àti fọ́tò rẹpẹtẹ tí ẹ yà yí nǹkan náà po, tí sọ́fítíwíà á wá so pọ̀.

LiDAR inú iPhone tó jẹ́ Pro, láti orí 12 Pro ti ọdún 2020, dára fún yàrá àti ògiri. Kò ríran ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ, ó sì lè fi odindi sẹ̀ǹtímítà ṣì í. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn kọ́lékọ́lé.

Ní ti pípé òṣùwọ̀n, skánà ló borí: ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ó tiẹ̀ lè dín. Fọ́tò kò mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dúdú àti dídán ló kù, ibẹ̀ sì lowó mi há sí. Ẹni tó ta skánà fún mi ní kò sóhun tí kò lè kà. Mo gbé ilé iná ẹ̀yìn tirela kan síwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ru sìmẹ́ńtì láti Obajana gba Kàbà kọjá. Ihò lásán ló yọ. Rọ́bà dúdú gbé iná mì, ojú pupa rẹ̀ jẹ́ kí iná gba inú òun kọjá, ibi tó ń dán sì ta á síbòmíràn. Iná tí kò bá padà sójú kámẹ́rà, skánà ò rí i. Wọ́n á ní kí ẹ fín nǹkan funfun sí i. Mi ò tíì rí agolo rẹ̀ rà ní Kàbà. Pọ́ńdà ọmọdé ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tó bá nípọn, ó ń fi kún òṣùwọ̀n. Bàbá kan ní Ògìdì gbé àpótí gbígbẹ́ kan wá, ìjókòó ti sọ ọ́ di dúdú kíríkírí, ó ń dán. Ó rí pọ́ńdà lọ́wọ́ mi: "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kun àpótí bàbá mi lẹ́fun?" Ó fà á mọ́ra.

Fọ́tò la fi parí iṣẹ́ náà, lábẹ́ igi, nígbà tí òòrùn ò mú. Ipa ọ̀bẹ agbẹ́gilére lára àpótí náà ni sọ́fítíwíà ń tẹ̀ lé. Kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣá ti bá èyí tó ṣáájú pín bíi 60 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, fọ́tò pẹ̀lú kórìíra dídán. Ti tirela, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá! Eruku ojú ọ̀nà ń pa dídán, ó sì ń fún kámẹ́rà ní àmì tó máa dì mú.

Òòrùn ń bo iná skánà mọ́lẹ̀, inú ilé lẹ ó ti lò ó, tẹ̀yin ti jẹnẹrétọ̀.

Oníṣẹ́ eyín àti alágbẹ̀dẹ góòlù, ẹ ra skánà. Ẹ̀yin yòókù, ẹ lè rà á, àmọ́ owó yẹn á ra láptọ́ọ̀pù tó ní káàdì àwòrán NVIDIA, èyí tí Meshroom, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń so fọ́tò pọ̀, nílò. Bí skánà bá ṣì wù yín, ẹ mú ohun tó dúdú jù nílé yín dání lọ bá ẹni tó ń tà á, kó kà á lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.