Sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ mọ́tò iná ẹ̀rọ: mo fọwọ́ sí i

Ní iléeṣẹ́ ọ̀rá wa ní Ọ̀tà, irin gbọọrọ la fi ń gbọ́ ohùn bíárìn, ìyẹn òrùka oníbọ́ọ̀lù tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú rẹ̀, tẹ́lẹ̀: ẹnu irin náà lára mọ́tò, ìdí rẹ̀ létí. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan ló ń ṣe é báyìí. Mágínẹ́ẹ̀tì ló fi lẹ̀ mọ́ mọ́tò. Ó ń wọn bó ṣe ń gbọ̀n àti bó ṣe ń gbóná, ó sì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

Bí mọ́tò fáànù wa ṣe ń gbọ̀n kì í kọjá 1.5 mm/s (mìlímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló gùn kọjá 4.5, ibi tí ISO 10816, ìlànà àgbáyé àtijọ́ lórí bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n, ti ní kí mọ́tò kékeré má dé. Etí ò tíì gbọ́ nǹkan kan o! A tú u lọ́jọ́ Àìkú tí iṣẹ́ ò sí: gíríìsì ti dúdú bí ọ̀dà, ojú bọ́ọ̀lù inú bíárìn ti ń bó. Ká ní àárín iṣẹ́ ló há ni, wáyà inú mọ́tò ì bá jó.

Owó rẹ̀ ò kéré, bátìrì rẹ̀ ò sì ṣe é pààrọ̀; ìyẹn dùn mí. Bluetooth rẹ̀ ò dé ọ́fíìsì, ẹ máa rìn dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ ra ẹyọ kan fún mọ́tò tí ẹ ò ní àrọ́pò rẹ̀.