Pípààrọ̀ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì: àyẹ̀wò Proton VPN, Mullvad àti Tor Browser fún ẹni tó ń lo dátà láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀

Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì (IP address) ni nọ́ńbà tí sáìtì fi ń mọ ibi tí yóò dá èsì padà sí. VPN sì ni áàpù tó ń mú dátà yín gba kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kọjá, kí sáìtì má baà rí nọ́ńbà tiyín. Nínú mẹ́ta tí a gbé yẹ̀ wò yìí, Mullvad ló tẹ́ wa lọ́rùn jù fún ẹni tó lè sanwó. Ọ̀fẹ́ ti Proton VPN ló yẹ ọ̀pọ̀ èèyàn. Tor Browser sì ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìṣọ́ra tó kọjá kí ó fọkàn tán iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dáàbò bo ẹni tó rò pé àdírẹ́sì tó yí padà ti parí iṣẹ́. Èrò yẹn sì gbilẹ̀ nílẹ̀ Okun ní Kogi: wọ́n á ní ẹ tan flight mode, ẹ pa á, àdírẹ́sì ti yí, kò sẹ́ni tó lè tọpa yín mọ́.

Ẹ dán an wò kí ẹ rí i. Ẹ ṣí Settings lórí Tecno tàbí Infinix yín, ẹ lọ sí About phone, kí ẹ wá IP address níbẹ̀. Tó bá jẹ́ dátà síìmù lẹ wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ ó rí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 10, tàbí kí ó wà láàárín 100.64 sí 100.127. Ẹ wá ṣí ipleak.net nínú Chrome: nọ́ńbà mìíràn ni yóò fi hàn yín. Èyí tí sáìtì rí yìí ni ti ìta, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ sì ni ín. Àdírẹ́sì IPv4, irú ti àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò, tó wà láyé kò ju bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò lè kárí, ni àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ ẹyọ kan. Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù (èyí tó ń ya ìsopọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn) àti àkókò ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà ní Mọ̀pà yàtọ̀ sí ẹni tó wà ní Ìyàrà. Bí ẹ bá tan flight mode tí ẹ sì pa á, ti inú fóònù sábà máa ń yí. Ti ìta lè yí, ó sì lè má yí rárá.

Ká tiẹ̀ wá ní ó yí. Sáìtì tí ẹ lọ lè má dá yín mọ̀, àmọ́ iléeṣẹ́ tó ta dátà fún yín ńkọ́? Láti December 2020 ni ìjọba ti ní kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN. Abala 38 nínú òfin Cybercrimes ti 2015 sì ní kí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà àti ti ìrìnnà dátà rẹ̀ fún ọdún 2. Bí ẹ pààrọ̀ àdírẹ́sì nígbà ogún lóòjọ́, abẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ti IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tó gùn ju IPv4 lọ, náà kò yàtọ̀ púpọ̀: fóònù a máa pààrọ̀ ìdajì ẹ̀yìn àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, lójoojúmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìdajì iwájú ni iléeṣẹ́ fi mọ ojú ìlà yín, flight mode tiyín kọ́ ló sì ń bò ó lójú wọn.

Ohun mìíràn tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé sáìtì lè sọ pé Èkó tàbí Àbújá lẹ wà nígbà tó jẹ́ Ìsánlú lẹ jókòó sí. Ibi tí dátà ń gbà jáde sí gbangba ló rí. Áàpù tí ẹ bá fún láyè Location kò nílò àdírẹ́sì kankan kí ó tó mọ̀ pé Ìsánlú ni.

VPN ló kàn. Ohun tí VPN ń ṣe ni pé ó gbé ojú tó ń wò yín kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ó gbé e fún ẹni tó ni VPN. Ìdí nìyẹn tí a kò fi í kọ́kọ́ béèrè pé orílẹ̀-èdè mélòó ló ní. Kí ló ń kọ sílẹ̀? Ta ló lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ní 2011, HideMyAss, iléeṣẹ́ VPN kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ̀ kan fún ìjọba nígbà tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ, wọ́n sì mú ọmọkùnrin náà ní Amẹ́ríkà. Àdírẹ́sì rẹ̀ ti yí o, àkọsílẹ̀ ni kò yí. Onavo, VPN tí Facebook rà ní 2013, ń pe ara rẹ̀ ní ààbò, ó sì ń kó ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe lórí fóònù wọn fún Facebook, títí tí Apple fi ní kí wọ́n gbé e kúrò ní 2018. Ti Hola, VPN ọ̀fẹ́ mìíràn, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2015 ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń ta ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lè fi àdírẹ́sì yín ṣe iṣẹ́ ibi. Ọ̀pọ̀ VPN ọ̀fẹ́ tí àwọn èèyàn fi WhatsApp pín kiri nígbà tí wọ́n ti Twitter pa láti June 2021 di January 2022 ṣì wà lórí fóònù di òní. Ẹ yọ ọ́.

Proton VPN: ilẹ̀ Switzerland ni iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, gbogbo ènìyàn ló lè ka kóòdù áàpù rẹ̀, ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò sì ní òdiwọ̀n dátà. Fóònù kan ṣoṣo ló gbà, ẹ kò sì lè yan orílẹ̀-èdè fúnra yín. Òun ló ń yàn, tí ẹ bá sì fẹ́ òmíràn, ẹ ó dúró díẹ̀. Bó bá gbé yín lọ sí Netherlands, ó ṣeé fara dà. Bó bá jẹ́ Japan, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára nítorí ọ̀nà jìn. Tí nẹ́tíwọ̀kì kan bá ń dí VPN, ẹ yan Stealth, ọ̀nà ìsopọ̀ tó ń fi VPN pamọ́, dípò WireGuard, ọ̀nà ìsopọ̀ tó wọ́pọ̀, nínú Settings rẹ̀.

Mullvad: €5 lóṣù, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà 5. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kò béèrè orúkọ, kò béèrè ímeèlì, kò béèrè nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà oníka 16 kan ló ń fún yín, ìyẹn náà ni ẹ fi ń wọlé. Bó bá sọnù, kò sí ẹni tó máa bá yín wá a, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ní April 2023, ọlọ́pàá Sweden gbé ìwé àṣẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn láti kó kọ̀ǹpútà tó ní àkọsílẹ̀ oníbàárà nínú. Wọn kò rí nǹkan kan kó, nítorí kò sí àkọsílẹ̀ nílẹ̀. Àpẹẹrẹ yìí ló mú wa gbé e sókè ju Proton lọ. Ìṣòro tirẹ̀ ni owó: káàdì náírà lásán kì í sáàbà kọjá níbẹ̀, ẹ ó wá èyí tó lè san owó ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ sì rántí pé ẹni tó fi káàdì sanwó ti jẹ́ kí báńkì mọ̀ pé òun ra VPN.

Ibi tí méjèèjì ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni ojú ọ̀nà. Láti Kàbà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì lè já láti 4G dé E, kí ó lọ pátápátá, kí ó tún dé. Bí VPN bá já tí dátà sì padà, fóònù á máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú àdírẹ́sì gidi, ẹ kò sì ní mọ̀. Ẹ lọ sí Settings, VPN, ẹ tẹ àmì jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ áàpù, kí ẹ tan Always-on VPN àti Block connections without VPN. Ẹ tún lọ sí Apps, ẹ yan VPN náà, kí ẹ sọ Battery rẹ̀ di Unrestricted, nítorí Tecno, Infinix àti itel máa ń pa áàpù tó bá wà lẹ́yìn láti fi bátìrì pamọ́. Áàpù báńkì kan á kọ̀ láti ṣí tí VPN bá wà lórí. Split tunneling tó wà nínú Mullvad lè yọ áàpù náà sápá kan, àmọ́ bí Block connections bá wà lórí, áàpù tí ẹ yọ kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Kódà pẹ̀lú Block connections, Mullvad fúnra wọn ló sọ síta ní 2022 pé Android ṣì ń yọ́ fi àyẹ̀wò nẹ́tíwọ̀kì ránṣẹ́ síta VPN. Ní ti dátà, WireGuard ń fi bíi báìtì 60 kún páákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà) kọ̀ọ̀kan lórí IPv4, bíi 4% tí páákẹ́ẹ̀tì bá kún. Nínú 1GB, ẹ ka 40MB sí i.

Tor Browser ń gba sẹ́fà (kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì) 3 kọjá: èkíní mọ̀ yín, kò mọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ̀kẹta mọ ibi tí ẹ ń lọ, kò mọ̀ yín. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 10, ó ń gba ọ̀nà mìíràn fún ohun tuntun tí ẹ bá ṣí. Ó lọ́ra, fídíò kò ṣeé wò lórí rẹ̀, àwọn sáìtì kan á sì máa ní kí ẹ yan àwòrán kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Lílo Tor fúnra rẹ̀ hàn sí ẹni tó ni nẹ́tíwọ̀kì. Ní Harvard ní December 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan fi Tor rán ímeèlì pé bọ́ǹbù wà nílé ẹ̀kọ́. Àkọsílẹ̀ Wi-Fi ilé ẹ̀kọ́ ló fi í hàn pé ó lo Tor ní àkókò yẹn. Ẹni tó bá ń lò ó lórí Wi-Fi iléèwé ní Kàbà kí ó mọ èyí, kí ó sì tan bridge (ọ̀nà àbáwọlé tí a fi pamọ́) nínú rẹ̀ bí kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Tor ni.

Èyí tó ń tú àwọn èèyàn fó jù kò kan àdírẹ́sì rárá. Ẹ tan VPN, kí ipleak.net sọ pé Netherlands lẹ wà, kí ẹ wá ṣí Google nínú Chrome kan náà: àwòrán yín ṣì wà lókè lápá ọ̀tún. Kúkì, àmì tí sáìtì fi sínú bíráwúsà láti fi dá yín mọ̀, wà níbẹ̀, àkáǹtì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sá fún àdírẹ́sì tó sì fi àkáǹtì sílẹ̀ ní ṣíṣí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Bíráwúsà fúnra rẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀: ìwọ̀n ojú fóònù, irú lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀, èdè, aago. Nínú ìwádìí tí EFF, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, ṣe ní 2010, 83.6% nínú àwọn bíráwúsà tí wọ́n yẹ̀ wò ló dá yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Tor Browser nìkan nínú mẹ́ta yìí ló ń gbìyànjú kí gbogbo ẹni tó ń lò ó jọ ara wọn. Nítorí náà ẹ má fi ohunkóhun kún un, ẹ má sì fi orúkọ yín wọlé sí Facebook nínú rẹ̀.

Fún Proton àti Mullvad, ẹ ya bíráwúsà kan sọ́tọ̀, Firefox fún àpẹẹrẹ, tí ẹ kò ní fi àkáǹtì kankan wọlé sí, kí ẹ ní kí ó pa gbogbo kúkì rẹ́ nígbà tí ẹ bá jáde. Ẹ lọ sí Settings, Google, Ads, kí ẹ tẹ Delete advertising ID, nítorí nọ́ńbà yẹn ń tẹ̀lé yín láti áàpù dé áàpù, àdírẹ́sì ìbáà yí títí. Ní ti WhatsApp, nọ́ńbà fóònù ni wọ́n fi mọ̀ yín níbẹ̀, kò sì sí VPN tó lè bò ó.