Kíìtì Pístìn fún Stihl 070: Mo Tún Lè Rà Á, Ṣùgbọ́n Ẹ Gbọ́ Èyí Ná

Kíìtì yìí, ìyẹn pístìn, ríìngì, sílíńdà, kílíìpù àti gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà pọ̀, dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá já a wọnú ayùn láì kọ́kọ́ wádìí ohun tó pa pístìn àtijọ́, owó rẹ̀ á wọgbó.

Stihl 070, ayùn oníẹ́ńjìnnì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń la pákó lágbègbè Òrè ni mo rà á fún. Àwọn agégi mọ ẹ́ńjìnnì yìí bí ẹni mowó: 106 cc, pístìn tó fẹ̀ tó mílímítà 58. Lọ́jọ́ tó kú, ohùn rẹ̀ ṣàdédé lọ sókè, ó sì dúró gbagidi. Okùn sítátà kò ṣeé fà mọ́. Mekáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní ó ti nọ́ọ̀kì, pé kí wọ́n lọ ra sílíńdà. Kò tilẹ̀ ṣí i.

Sáléńsà ni mo kọ́kọ́ tú, torí pé láti ihò tí èéfín ń gbà jáde lèèyàn ti lè fi tọ́ọ̀ṣì wo ara pístìn. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí sáléńsà ti ha yánnayànna, ríìngì ti lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí kábúrẹ́tọ̀ ṣì ń dán. Irú èyí, yálà ọ́ìlì kò tó nínú epo, tàbí afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbi tí kò yẹ. Ká ní ẹ̀gbẹ́ kábúrẹ́tọ̀ ló ha ni, ìdọ̀tí tó gba fílítà kọjá ni ǹ bá máa wá.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi nípa epo. Lítà ọ́ìlì kan ni wọ́n ń dà sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìyẹn sì tọ́ fún ọ́ìlì tú-sítróòkì lásán nínú 070. Ó ku afẹ́fẹ́. Mo yọ fíláwíìlì, mo fi rọ́bà dí gbogbo ẹnu ẹ́ńjìnnì, mo fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì da omi ọṣẹ sí i lára. Ìdí ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tó wà lẹ́yìn fíláwíìlì ni ọṣẹ ti ń hó. Síìlì náà ti gan, ó ti sán. Kò sí pístìn tuntun tí kò ní jóná lórí irú rẹ̀, kíìtì kò sì ní síìlì nínú. Ẹ rà á lọ́tọ̀.

Mo di kọ́nírọ́ọ̀dù, irin tó gbé pístìn dúró, mú, mo gbé e sókè sódò. Kò mì, bẹ́ríìnì ṣì le. Ká ní ó mì ni, mi ò ní náwó kankan lé e lórí.

Ó wá kan kíìtì fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n pístìn pé, inú sílíńdà sì dán dáadáa. Ohun tó bí mi nínú ni etí àwọn ihò inú sílíńdà: ó mú bí abẹ. Ríìngì tó bá kọ́ irú etí bẹ́ẹ̀ á ṣẹ́. Mo we sáńpépà kíkúnná mọ́ ìka, mo ń rọra ha á títí ìka fi kọjá láìkọ́, mo sì fọ gbogbo rẹ̀ dáadáa kí iyanrìn sáńpépà má bàa kù síbẹ̀. Kílíìpù tó ń di pínnì pístìn mú, èyí tó bá a wá, rọ̀ jù. Mo kó o dànù, mo ra ojúlówó, nítorí kílíìpù kan tó bá já bọ́ á ba sílíńdà tuntun jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò burú.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ọfà orí pístìn gbọ́dọ̀ kọjú sí sáléńsà. A tú sìkúrúù epo kábúrẹ́tọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, a sì kọ́kọ́ fi la igi rírọ̀. Ìrókò ló ń là báyìí, kò sì pariwo òdì.

Kí ẹ tó ra odindi kíìtì, ẹ yẹ sílíńdà àtijọ́ wò. Nígbà mìíràn, pístìn ló kàn yọ́ mọ́ ọn lára, ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì sì lè jẹ ẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, torí ó lè jẹ kúróòmù tí wọ́n fi bo inú sílíńdà pẹ̀lú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kó kan etí ihò. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti bó kọjá ibẹ̀. Bí ti yín bá ṣì mọ́ lábẹ́ rẹ̀, pístìn àti ríìngì nìkan ni kí ẹ béèrè, owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti kíìtì.