Designer Visual Studio àti àwọn control tí a fi ọwọ́ ara wa kọ

Mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìtajà oògùn ní Wuse àti Kubwa, níbi tí àwọn oníbàárà mi kò ti fẹ́ ohun tí yóò dá iṣẹ́ dúró nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo Windows Forms, irinṣẹ́ fún kíkọ ètò tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí Microsoft gbé jáde pẹ̀lú .NET Framework àkọ́kọ́ lọ́dún 2002, tí mo sì ń to àwọn fọ́ọ̀mù mi nínú designer Visual Studio, ìyẹn ibi tí a ti ń to ohun tí yóò hàn lójú ètò, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń bá wa kọ kóòdù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì àti àpótí ìkọ̀wé lásán ni ènìyàn ń tò, kò sí wàhálà kankan. Control (ohun kan lórí fọ́ọ̀mù, bíi bọ́tìnnì) tí a fúnra wa kọ ni a fi ń mọ bí designer náà ti dára tó.

Ẹ jẹ́ kí a mú control kan tí ó ń fi iye oògùn tí ó kù lórí pẹpẹ hàn, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò di pupa bí iye náà bá ti kéré sí ààlà tí a fún un. Ààlà yẹn ni àbùdá (property) tí mo pè ní LowLimit. Ní kété tí a bá ti kọ ọ́ ní public (tí kóòdù mìíràn lè rí), pẹ̀lú get tí ń ka iye rẹ̀ àti set tí ń yí i padà, ó ti yọ sí fèrèsé Properties, níbi tí a ti ń yan iye àwọn àbùdá control. Bí a bá kọ àwọn àmì kan sókè àbùdá náà, Category yóò fi í sí abẹ́ ìsọ̀rí tó yẹ, Description yóò sì gbé àlàyé ránpẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ pe Invalidate nínú set, kí control náà lè tún ara rẹ̀ yà lójú ẹsẹ̀.

Orí DefaultValue, tí òun náà jẹ́ irú àmì bẹ́ẹ̀, ni ó yẹ kí a ti dúró dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé òun ni yóò fi iye ìbẹ̀rẹ̀ sínú control. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Designer kàn ń fi iye tí ó wà nínú àbùdá wé e ni: bí méjèèjì bá dọ́gba, kò ní kọ nǹkan kan sínú InitializeComponent (apá kóòdù fọ́ọ̀mù tí designer fúnra rẹ̀ ń kọ), bí wọn kò bá dọ́gba, yóò kọ ọ́, yóò sì fi lẹ́tà tó ki hàn án nínú fèrèsé Properties. Bí a bá wá kọ DefaultValue(20), ṣùgbọ́n tí field (ibi tí a ń tọ́jú iye náà sí) tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0, ẹni tí ó bá tẹ 20 sínú fèrèsé náà yóò rò pé ó ti wọlé. Designer kò ní kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ètò náà bá sì dé orí káńtà, 0 ni ààlà, oògùn ibà yóò tán pátápátá láìsí àmì pupa kankan. Field fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 20. Bí iye ìbẹ̀rẹ̀ kò bá sì dúró sójú kan, ẹ fi DefaultValue sílẹ̀, kí ẹ kọ ShouldSerializeLowLimit, tí ń sọ bóyá kí designer kọ iye náà sílẹ̀, àti ResetLowLimit, tí ń dá a padà sí iye ìbẹ̀rẹ̀, dípò rẹ̀.

Designer tún máa ń ṣe constructor control yín (kóòdù tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ṣẹ̀dá rẹ̀) ní ti gidi nígbà tí ẹ bá gbé e sórí fọ́ọ̀mù, nínú constructor náà, DesignMode, tí ń sọ bóyá inú designer ni a wà, kò tíì di true. Ẹ má ṣe ṣí dátábéèsì níbẹ̀.

Ohun tí ó wù mí jù lọ ni èyí tí .NET 9, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà .NET tí Windows Forms ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, mú wá lọ́dún 2024. Bí àbùdá public kan nínú control kò bá sọ bóyá kí designer kọ iye rẹ̀ pamọ́ tàbí kí ó má kọ ọ́, àṣìṣe kan tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ WFO1000 yóò yọ. Ẹni tí ó bá gbé ètò àtijọ́ wá sórí rẹ̀ lè rí àṣìṣe rẹpẹtẹ, síbẹ̀ mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí ó ń fipá mú wa ṣe ìpinnu tí ó yẹ kí a ti ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn àbùdá tí ń gbé àkójọ orúkọ àwọn aláìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú: ẹ fi DesignerSerializationVisibility.Hidden sí wọn, kí designer má baà da dátà aláìsàn sínú kóòdù tàbí fáìlì resx, níbi tí designer ti ń tọ́jú dátà tó bá fọ́ọ̀mù rìn.