Àpò púláyà márùn-ún fún iṣẹ́ wáyà ìlẹ̀kẹ̀: alátẹ̀gùn ló tó owó rẹ̀, kọ́tà ni kò tó o

Àpò sípì kékeré ni, irin márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, rọ́bà sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn: ẹlẹ́nu róbótó, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, alátẹ̀gùn àti kọ́tà tí a fi ń gé wáyà. Ẹni tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó tàbí ti ìjòyè ní Kàbbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, tó sì ń fi ojú wáyà, ìyẹn òrùka kékeré tí a yí sí ẹnu wáyà, so ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ èkejì, tìtorí alátẹ̀gùn ni kó ṣe ra àpò yìí.

Ẹnu alátẹ̀gùn kan ní ìpele mẹ́ta, 2 mm, 3 mm àti 4 mm. Ìpele tí ẹ bá yí wáyà mọ́, bákan náà ni gbogbo ojú tó bá tibẹ̀ jáde máa rí. Ẹlẹ́nu róbótó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó tín-ín-rín lókè, ó sì ń nípọn bọ̀ nísàlẹ̀. Bí wáyà bá yẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ojú kan á tóbi ju èkejì lọ, ẹ̀wọ̀n náà á sì rí wúruwùru lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá ní ju róbótó lọ, kó fi máákà fa ìlà sí ẹnu rẹ̀, kó máa yí wáyà síbi ìlà yẹn nìkan, kó sì tún ìlà náà fà bó bá ti ń parẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni gígùn wáyà. Wáyà nọ́ńbà 20 nípọn tó 0.8 mm. Bí ẹ bá fẹ́ yí i ní ìpele 3 mm, ẹ ro 0.8 mọ́ 3, kí ẹ wá fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 mm. Ẹni tó bá fi 3 nìkan ṣírò á gé e sí bíi 9.4 mm, ojú náà kò sì ní pàdé. Àlàfo yẹn ni okùn ń gbà yọ tí ìlẹ̀kẹ̀ fi ń dà sílẹ̀. Ní ìpele 2 mm, 9 mm tó.

Ẹ ki wáyà bọ inú ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ fi ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà L, kó dùbúlẹ̀ lórí ihò ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹ gé e sí 12 mm. Ẹ di orí rẹ̀ mú ní ìpele 3 mm. Bí ìka yín bá kan ṣóńṣó wáyà lódì kejì, ẹ fà á sẹ́yìn. Ẹ yí ọwọ́ títí dé ìdajì, ẹ tú u, ẹ tún un dì mú, ẹ parí rẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ojú náà á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi lẹ́tà P, ìlẹ̀kẹ̀ á sì máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Fún iyùn tó wúwo, ojú lásán kò tó, ó máa ń là. Ẹ fi bíi 4 cm sílẹ̀, kí ẹ wé ìrù wáyà mọ́ ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta.

Ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ àti ṣóńṣó dára fún ṣíṣí òrùka wáyà: ẹ ti ẹ̀gbẹ́ kan síwájú, ẹ fa èkejì sẹ́yìn. Ẹ má fà wọ́n ya sọ́tùn-ún sósì láé, torí òrùka náà kò ní padà róbótó mọ́. Inú ẹnu wọn kò ní eyín, èyí dára, nítorí eyín púláyà oníná, ti àwọn tó ń ṣe iná ilé, ń họ wáyà. Àmọ́ etí ẹnu wọn mú jù. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 600 pa á rẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kọ́tà ni a kò fara mọ́. Bí ẹ bá pa ẹnu rẹ̀ dé tí ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Wáyà tó bá gé máa ń ní ṣóńṣó lẹ́nu, èyí tó ń fa òwú léèsì. Ẹ ra òmíràn lọ́tọ̀, kí ẹ sì máa kọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́jú sí apá tí ẹ fẹ́ lò. Wáyà irin líle kò gbọdọ̀ dé ẹnu rẹ̀: ibi tó bá ti ṣá lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wáyà tó bá gé lẹ́yìn náà á máa ní àpá níbẹ̀. Púláyà oníná ni kẹ́ ẹ fi gé irin.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè bó rọ́bà wáyà iná ilé 1 mm. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni 1 mm yẹn, kì í ṣe ìnípọn rẹ̀: bàbà inú rẹ̀ nípọn bíi 1.13 mm, ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá bàjẹ́, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Bàbà ń le sí i bí a ti ń tẹ̀ ẹ́, á sì ṣẹ́. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ tún òmíràn yí.